Kámẹ́rà ìṣọ́ ní àdúgbò wa ní Ilé-Ifẹ̀: ta ni yóò máa wò ó, ibo ni yóò sì kọjú sí?

Akọ̀wé Parakin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò kan ní Parakin, ní Ilé-Ifẹ̀. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni àwọn olè ti ń yọ wá lẹ́nu. Wọ́n gbé bátìrì ínfátà lọ ní ilé mẹ́ta, wọ́n já ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ń ta oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọdẹ wa méjèèjì kò sì lè wà ní orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. A dá owó jọ, a pe oníṣẹ́ kan, ó sì ní kámẹ́rà mẹ́jọ ni yóò tó wa.

Ìpàdé tí a pè láti fọwọ́ sí i ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí dìde, ó ní òpó iná tí wọ́n fẹ́ gbé kámẹ́rà kẹta kọ́ ga ju ògiri ẹ̀yìnkùlé òun lọ, balùwẹ̀ tí kò ní òrùlé tó wà níbẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọ-ọmọ òun obìnrin sì ti ń wẹ̀. Kí a tó dá a lóhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin ayálégbé kan béèrè pé, "Ta ni yóò máa wo fídíò náà?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Alága wo akápò, akápò wo èmi, èmi náà sì tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ mi. A kò tíì ronú dé ibẹ̀ rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, tàbí tí ẹ mọ òfin, tàbí tí iṣẹ́ ọwọ́ yín nìyí, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. A fẹ́ mú olè, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ìyá náà máa wẹ̀ nínú ìpayà.

Adé Oníwáyà

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ kú ìrònú. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mò ń ṣe láti Ifẹ̀ dé Iléṣà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ kì í sọ fún oníbàárà, nítorí pé ó máa ń dín ọjà wa kù. Kámẹ́rà olójú fífẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń tà fún àdúgbò, èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 2.8, máa ń kó ibi púpọ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti jìnnà sí i ju nǹkan bíi mítà 6 lọ, ẹ ó kàn rí i pé ènìyàn ló ń kọjá ni, ẹ kò ní lè sọ pé lágbájá ni. Bí ẹ bá wá gbé e kọ́ orí òpó gíga, fìlà ni ẹ ó máa rí, ẹ kò ní rí ojú. Kámẹ́rà mẹ́jọ tó ń wo gbogbo àdúgbò láti òkè kò wúlò tó mẹ́ta tó dúró ní ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn kò lè ṣe kó má gbà wọlé tàbí jáde, tó wà ní ìwọ̀n mítà 2.5 sí 3 sílẹ̀, tí lẹ́ńsì rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 4 tàbí 6. Ìyẹn ni pé ibi tí kámẹ́rà ti lè mú olè jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé ìyá yẹn.

Bó bá di dandan kí kámẹ́rà kan wà nítòsí ibẹ̀, ẹ sọ fún oníṣẹ́ yín kí ó fi dúdú bo apá tí ẹ̀yìnkùlé náà wà nínú àwòrán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹ̀rọ ìgbàsílẹ̀ tí kò lè ṣe é lóde òní, ibi tí a bá sì ti fi dúdú bò kì í wọ inú ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbà kí ó sọ fún yín pé owó rẹ̀ yàtọ̀. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti ṣe é.

Ní ti bí fídíò yóò ti pẹ́ tó, ìṣirò rẹ̀ kò le. Kámẹ́rà tó ń lo mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń kó nǹkan bíi gígábáìtì 21.6 jọ lójúmọ́. Mẹ́jọ yóò kó gígábáìtì 173, hádì dísìkì onítẹ́rábáìtì 2 (ìyẹn gígábáìtì 2,000) yóò sì kún láàárín nǹkan bí ọjọ́ 11. Mẹ́ta yóò lo dísìkì kan náà fún nǹkan bí ọjọ́ 30 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Ẹ lè ní kí ẹ̀rọ máa pa á rẹ́ kí ó tó pé bẹ́ẹ̀.

Ní ti iná, ẹ̀yin náà mọ NEPA. Kámẹ́rà mẹ́ta àti ẹ̀rọ ìgbàsílẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi wáàtì 35 lọ, bátìrì kan ṣoṣo tí ó jẹ́ fóòtì (volt) 12 àti áńpù-wákàtí 100, tí ẹ kò bá jẹ́ kí ó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, yóò gbé e láti ìrọ̀lẹ́ di ojúmọ́.

Ìyá Aláṣọ Sábó

Ẹ má bínú sí mi o. Wọ́n já ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n kó áńkárá àti léèsì tí mo rà pẹ̀lú owó àjọ, títí di òní a kò rí ẹni tó ṣe é. Ká ní kámẹ́rà wà níbẹ̀ ni, ì bá ti yàtọ̀. Ẹni tí kò bá jalè, kí ló ń fi pamọ́?

Ayálégbé Tẹ́lẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà á, Ọlọ́run yóò fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kì í ṣe láti bá yín jiyàn.

Ilé kan wà ní Ifẹ̀ níbí tí mo gbé nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń bójú tó ilé náà gbé kámẹ́rà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà mi gan-an, orí fóònù rẹ̀ ni ó sì ti ń wò ó. Kó tó pé oṣù kan, ó ti mọ ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá fún mi, ó mọ ọjọ́ tí ara mi kò yá tí n kò jáde, ó mọ aago tí mo ń dé láti ibi tí a ti ń kàwé lóru. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe àṣírí ńlá. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè rí wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi náà ń rí i, mo lè kí i, mo sì lè bi í pé kí ló dé tó fi ń wò mí. Ní ọjọ́ tí èmi àti ọkùnrin náà ṣe aáwọ̀ lórí owó ilé tí wọ́n fi kún, fídíò èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tó wá sùn lọ́dọ̀ mi di ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ilé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ burúkú lábẹ́ rẹ̀. Kí n tó lanu ṣàlàyé pé ọmọ ìyá mi ni, ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi kò jalè, mà á, àbúrò mi náà kò jalè. Olè kankan kò sì wọ ilé náà títí mo fi kó jáde.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ìmọ̀ràn tèmi kò ju méjì lọ. Kí fídíò má ṣe wà lórí fóònù ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe alága. Kí ó sì jẹ́ pé ẹni méjì ni yóò wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ṣí, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, kí ọ̀kan sì jẹ́ ayálégbé. Àwọn onílé nìkan kọ́ ló ń gbé àdúgbò.

Ìyá Aláṣọ Sábó

Ọmọ mi, má bínú. N kò mọ̀ pé wọ́n lè fi ṣe báyẹn.

Agbẹjọ́rò Lagere

Ìbéèrè ọ̀dọ́mọkùnrin ayálégbé yẹn ni òfin pàápàá kọ́kọ́ máa ń béèrè. Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún gbogbo ọmọ ìlú ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀ àti ti ilé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún náà, tó sì dá àjọ tí wọ́n ń pè ní NDPC sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Òfin yìí yọ ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú agboolé tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ìyẹn pàápàá kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń ya àwòrán gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú títì kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ agboolé òun ni òun ń bójú tó.

Ohun tí òfin náà ń fẹ́ kò ta ko ọgbọ́n ilé wa. Kí àwọn ènìyàn mọ̀ pé ẹ ń ya àwòrán wọn, kí wọ́n mọ ìdí rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀. Kí ẹ má ṣe lo fídíò náà fún ohun mìíràn. Kí ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ ju ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè láti rí fídíò ara rẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Bí fídíò bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tó sì lè pa ènìyàn lára, wákàtí 72 ni ẹ ní láti fi tó àjọ náà létí.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹjọ́ kan wá láti ilẹ̀ òkèèrè, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti yín gẹ́lẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Czech, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ František Ryneš rí i pé àwọn kan ń fọ́ fèrèsé ilé òun léraléra, ó gbé kámẹ́rà sábẹ́ òrùlé rẹ̀, kámẹ́rà náà sì wo ilé rẹ̀, títì, àti ẹnu ọ̀nà ilé òdìkejì. Fídíò náà ni wọ́n fi dá àwọn afurasí méjì mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè pé ṣé òfin gbà á láyè láti máa ya títì. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2014, ilé ẹjọ́ gíga ti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé kámẹ́rà tó bá ti ń wo ojú títì kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbà pé ènìyàn lè ní ìdí tó dára láti dáàbò bo ohun ìní rẹ̀. Ẹjọ́ náà kò de ilé ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ronú tọ́ lójú tèmi.

Ẹ pa etí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ń gba ohùn sílẹ̀ tí oníṣẹ́ kò sì sọ. Ní ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Oxford dá ẹjọ́ láàárín aládùúgbò méjì lórí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, ohùn tí ẹ̀rọ náà ń gbà láti ọ̀nà jíjìn ni adájọ́ sì bu ẹnu àtẹ́ lù ju àwòrán lọ.

Bí ẹ bá sì mú olè lóòótọ́, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀dà tó ti yí orí WhatsApp ká. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ń béèrè ìwé tí ẹni tó ń ṣàkóso ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí, tó sọ bí wọ́n ṣe mú ẹ̀rí náà jáde, àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tí kò lórúkọ kò lè fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ifẹ̀ L'ókè Òkun

Mo kí gbogbo ilé. Ìlú ọba ni mo ń gbé, ilẹ̀ tí kámẹ́rà pọ̀ sí bí ọ̀pẹ. Ìlú etí òkun kan tó ń jẹ́ Bournemouth ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e sí gbangba ìlú ní ọdún 1985. Nígbà tó di ọdún 1993 tí kámẹ́rà ilé ìtajà kan fi àwọn ọmọ méjì hàn níbi tí wọ́n ti ń fa ọmọ ọdún méjì kan lọ́wọ́ lọ, ọmọ tí wọ́n padà pa, gbogbo ìlú ké pé kí wọ́n gbé e síbi gbogbo. Ẹ ṣàkíyèsí pé kámẹ́rà náà kò gba ọmọ yẹn là. Ó ran àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni.

Àwọn onímọ̀ méjì, Brandon Welsh àti David Farrington, kó ìwádìí púpọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ti rí i pé kámẹ́rà ń dín olè jíjà kù jùlọ. Ní ti ìwà ipá, agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn náà ló rí i pé iná títì tó mọ́lẹ̀ ń dín ìwà ọ̀daràn kù. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, kí ẹ tó ná gbogbo owó yín sórí kámẹ́rà, ẹ ka iye iná sólà tó wà ní àdúgbò yín. Iná kì í yọjú wo ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni, kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ kiri.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ní ọdún 2010, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ ètò ààbò pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ZTE ti ilẹ̀ Ṣáínà, mílíọ̀nù 470 owó dọ́là, kámẹ́rà sì wà nínú rẹ̀ fún Àbújá àti Èkó. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Àbújá kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n kàn wà lórí òpó wọn bí ẹyẹ tó kú sórí ẹ̀ka. Ẹ ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà

Bí oníṣẹ́ yín bá sọ pé òun ní kámẹ́rà tó ń dá ojú ènìyàn mọ̀, tó lè ké nígbà tí "àjèjì" bá wọ àdúgbò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má ṣe rà á. Ní ọdún 2018, Joy Buolamwini, ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti Gánà, àti Timnit Gebru dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ lè fi ìyàtọ̀ sí ọkùnrin àti obìnrin. Lójú àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe ẹ̀rọ kò kọjá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Lójú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú wọn ṣì í tó 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá Detroit ní Amẹ́ríkà mú Robert Williams, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ sọ pé òun ló jí aago ọwọ́. Òun kọ́. Nínú àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń kó wọlé tí wọ́n sì ń kó jáde lọ́dọọdún, ta gan-an ni ẹ̀rọ náà yóò pè ní àjèjì?

Ẹ̀kejì, ẹ pààrọ̀ password tí ẹ̀rọ bá bá wá láti ilé iṣẹ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ní ọdún 2016, kòkòrò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn káàkiri àgbáyé nípa gbígbìyànjú àwọn password tí àwọn ilé iṣẹ́ fi sí wọn. Ògiri tí kò lanu ni alángbá kì í wọ̀. Ní ọdún 2021, àwọn kan wọ inú kámẹ́rà ilé iṣẹ́ Verkada tó tó 150,000, tó fi mọ́ ti ilé ìwòsàn àti ẹ̀wọ̀n. Kámẹ́rà yín kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbàsílẹ̀ sínú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Bàbá Ìlódè

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ẹ ṣe é. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹnu kàn. Wọ́n máa ń sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni Ifẹ̀ kì í bọ òrìṣà láàárín ọdún. Bí ìṣẹ̀ṣe bá fẹ́ jáde lóru, tí wọ́n ti kéde pé kí obìnrin wà nínú ilé, tí obìnrin ti ilẹ̀kùn tó sì sùn sínú iyàrá, kámẹ́rà yín kò sùn ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, akápò tó jẹ́ obìnrin yóò ṣí ẹ̀rọ láti wá olè, ohun tí ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rí ni yóò bá níbẹ̀. Ta ni ẹ ó dá lẹ́bi? Obìnrin náà ha jáde bí?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyí. Ẹ̀sìn ẹni kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan nìkan. Àwọn ènìyàn kan náà lè ní ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n jọ ni. Ẹ bá àwọn àgbà àdúgbò jókòó, kí ẹ mọ òru tí ẹ ó pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò pa á àti ẹni tí yóò tàn án padà sílẹ̀.

Adé Oníwáyà

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Ó tilẹ̀ ṣe é ṣe kí a fún ẹ̀rọ náà ní wákàtí tí kò ní gba nǹkan kan sílẹ̀, kí ó sì dá ara rẹ̀ tàn padà. Kò sí oníbàárà tó tíì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí.

Akọ̀wé Parakin

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣe gan-an. A tún ìpàdé náà pè ní Sátidé, mo sì ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sétí wọn. Kámẹ́rà mẹ́jọ ti di mẹ́ta: ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà òkè, ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀, ọ̀kan níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù. Owó tó kù, iná sólà mẹ́fà ni a ó fi rà, ìyókù yóò wà fún àtúnṣe. A ti pa ohùn. Ọjọ́ 14 ni a fẹnu kò sí pé fídíò yóò lò. Àpótí irin wà nílé ayálégbé kan tó jẹ́ tísà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyá kan tó ń gbé ní òdìkejì, ìwé ńlá kan sì wà tí a ó máa kọ ọjọ́, orúkọ àti ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ṣí i sí. A ti kọ pátákó ní èdè Yorùbá ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Alága kò fẹ́ràn pé kò ní sí lórí fóònù òun, ó bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹnì kan ti wá, ó ní ọlọ́pàá ni òun, ó fẹ́ ẹ̀dà fídíò láìmú ìwé dání, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì gbà sílẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ. Kí ni a ó ṣe?

Agbẹjọ́rò Lagere

Ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ ní kí ó mú lẹ́tà wá láti àgọ́ rẹ̀, tó sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó ń wá, kí ẹ fún un ní ẹ̀dà ìgbà yẹn nìkan, kí ògidì fídíò wà lọ́dọ̀ yín, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé ńlá yẹn bí gbogbo ènìyàn.

Akọ̀wé Parakin

A ti ṣe bẹ́ẹ̀, a kò tíì rí i padà. Mo fẹ́ fi kún un pé lọ́jọ́ tí Adé wá gbé e kọ́ (òun ni a gbé iṣẹ́ náà fún nígbẹ̀yìn), ìyá opó yẹn wá, ó ní kí wọ́n fi ohun tí kámẹ́rà òkè ń rí han òun. Ó wò ó títí, ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan igun kan lórí tẹlifíṣọ̀n náà, ó ní, "Orí igi ìbẹ́pẹ mi nìyẹn." Adé tún fi dúdú díẹ̀ kún apá òsì, ìyá náà mi orí, ó sì bọ́ síta láti lọ ká aṣọ rẹ̀ tó sá.